Herbert Gbé Òkúta Lé Òkú Olókùú

Ìkánjú ni àléébù Herbert Ọládipọ̀. Ó kàwé, ó láàánú, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ pé ó jalè rí, ṣùgbọ́n kì í fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ dé òpin. Bí èèyàn bá ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, yóò ti máa mi orí, yóò ní òun ti mọ èyí tó kù. Àwọn olùkọ́ ilé ìwé tí Herbert ti ń ṣe ọ̀gá ní Abẹ́òkúta a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà a sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún 1983, ìyá rẹ̀, Màmá Beatrice, pè é jókòó. Màmá ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún.

"Herbert, mo fẹ́ mọ ibi tí wọ́n sin Dáníẹ́lì ẹ̀gbọ́n mi sí kí èmi náà tó lọ. Ọmọdé ni mí nígbà tó kú, lọ́dún Ogun Àdùbí, nígbà tí àìsàn lùkúlùkú ń pa èèyàn. Mi ò fojú kan sàréè rẹ̀ rí. Wásinmi ló—"

"Ó ti yé mi, Màmá. Dáníẹ́lì Adéṣọlá, ọdún 1918. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

"Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán o."

Herbert ti dìde, ó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ikú. Akọ̀wé ibẹ̀ kí i, ó sì bi í pé, "Kí ni orúkọ bàbá olóògbé, sà? Àdúgbò wo ló ń gbé? Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Ẹ ṣáà wo ọdún 1918. Dáníẹ́lì Adéṣọlá."

Wọ́n wá a, wọ́n sì rí Dáníẹ́lì Adéṣọlá kan. Akọ̀wé ní kí àwọn jọ kà á kí wọ́n tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

"Òun náà ni," ni Herbert wí. "Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́."

Nígbà tí ẹ̀dà náà jáde, orúkọ àti ọdún nìkan ló wò. Ó ká a sápò, ó fi orúkọ náà béèrè kiri, ó wá sàréè ọkùnrin náà rí ní itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Abẹ́òkúta, ó ní kí bíríkìlà da sìmẹ́ńtì sí i, ó sì gbé òkúta mábù lé e, tí wọ́n kọ "Ẹ̀gbọ́n wa ọ̀wọ́n" sí lára. Inú ẹbí dùn. Àwọn àgbà ní Herbert gan-an ni kí ó kọ ìwé ìtàn ìdílé.

Ní ọjọ́ Sátidé tí gbogbo wọn pé jọ síbi sàréè, Péjú, àbúrò Herbert tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, di Màmá mú. Màmá gbà pé wọ́n ti gbé òkú náà wálé láti Wásinmi; ó kúnlẹ̀, ó sunkún títí. Bí wọ́n ṣe fẹ́ gbàdúrà ni obìnrin kan gbé ìgbálẹ̀ àti ọkọ́ dé. Fọlákẹ́mi lorúkọ rẹ̀. Ó wá tún sàréè ìdílé wọn ṣe.

"Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló ní kí ẹ gbé òkúta lé bàbá bàbá mi?"

Herbert bínú. "Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló wà níbí. Ìwé rẹ̀ rèé!"

Fọlákẹ́mi gbà á, ó kà á sókè: "Dáníẹ́lì Adéṣọlá, gbẹ́nàgbẹ́nà, ará Ìtòkò, ẹni àádọ́rin ọdún." Ó gbójú sókè. "Ṣé ẹ̀gbọ́n ìyá yín pé àádọ́rin ọdún kó tó kú ni?"

Ará àdúgbò Ìgbẹ̀ìn ni Dáníẹ́lì tiwọn, kò sì tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà tó kú. Herbert gba ìwé padà, ó ka àwọn ìlà tí kò kà rí.

Màmá nu ojú rẹ̀. "Herbert, òkú olókùú lo mú mi wá sunkún lé lórí."

Ẹbí ní Herbert fúnra rẹ̀ ni yóò yọ òkúta náà. Ọjọ́ Ajé ló yọ ọ́, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó ń kọjá lọ ń wo ọ̀gá wọn pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́ nínú oòrùn. Ó tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Fọlákẹ́mi àti àwọn èèyàn rẹ̀. Ẹbí gba iṣẹ́ ìtàn ìdílé lọ́wọ́ Herbert, wọ́n gbé e fún Péjú. Màmá ń dáhùn ìkíni rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá a sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Péjú kò kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì kankan. Ẹ̀gbẹ́ Màmá ló jókòó sí, ó sì jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán.

"Reluwé ló ń bá ṣiṣẹ́," ni Màmá wí. "Nígbà ogun yẹn, àwọn Ẹ̀gbá tó ń bá ìjọba òyìnbó jà hú irin ojú ọ̀nà reluwé. Àkànní ẹ̀gbọ́n mi wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ sí Wásinmi láti tún un tò. Ibẹ̀ ni lùkúlùkú ti mú un. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ ló sin ín."

Péjú kọ̀wé sí ṣọ́ọ̀ṣì náà. Wọ́n fèsì pé àwọn kò rí Adéṣọlá kankan. Ó tún padà sọ́dọ̀ Màmá.

"Orúkọ wo ni àwọn ará ibi iṣẹ́ ń pe ẹ̀gbọ́n yín?"

Màmá ronú díẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Dáníẹ́lì Ìgbẹ̀ìn! Dáníẹ́lì pọ̀ láàrin wọn."

Péjú kọ̀wé lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n rí i: Dáníẹ́lì Ìgbẹ̀ìn, òṣìṣẹ́ reluwé, ọmọ Adéṣọlá, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún. Péjú ní kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó sì kà á fún Màmá ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Herbert jókòó lẹ́nu ọ̀nà, kò dá sí i.

Òun ló wa mọ́tò lọ sí Wásinmi. Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ tí ilẹ̀ di gbágungbàgun, Màmá na ọwọ́ sí Herbert, ó dì í mú dé ibi sàréè. Màmá fọwọ́ kan ilẹ̀ náà.

"Àkànní, Beatrice rẹ ti dé. Mo ti dàgbà jù ọ́ lọ báyìí o."

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Jókòó, kí n sọ irú ẹni tó jẹ́ fún ọ." Herbert jókòó sórí ilẹ̀ lásán, kò sì yanu títí ìyá rẹ̀ fi sọ̀rọ̀ tán.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ìtàn àwọn bàbá ńlá yín, ẹ̀kọ́ tí Herbert kọ́ nìyí: orúkọ kan náà lè jẹ́ ti ẹni méjì. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà tó ṣì wà láàyè, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ wọn. Bí ẹ bá rí àkọsílẹ̀, ẹ fi orúkọ bàbá, àdúgbò, iṣẹ́ àti ọjọ́ orí wé ohun tí ẹ gbọ́, kí ẹ tó ní kí wọ́n ṣe ẹ̀dà fún yín. Bí ìdáhùn àkọ́kọ́ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ tún béèrè. Ẹni tó bá kánjú lè gba ẹbí ẹlẹ́bí mọ́ tirẹ̀, kó sì dójú ti ara rẹ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ yóò rí èèyàn rẹ̀, bó ti wù kó pẹ́ tó.