Koríko Iwájú Ilé Múyìwá

Oṣù kẹjọ ọdún 1986 ni Múyìwá àti Bímbọ́lá, ìyàwó rẹ̀, kó kúrò nínú yàrá méjì tí wọ́n háyà ní Hyde Park nílẹ̀ òyìnbó, tí wọ́n kó lọ sí ilé tí wọ́n rà ní Schaumburg. Adéòkè ló bá wọn rí ilé náà. Òun àti Bímbọ́lá jọ ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù kan, ilé tirẹ̀ sì dojú kọ ilé tuntun yìí. Títì nìkan ló là wọ́n láàárín.

Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, koríko iwájú ilé Múyìwá ti gbẹ, ó dà bí ẹní tó ti gbó. Ní ọ̀sán Sátidé kan, òyìnbó àgbàlagbà kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn dúró níwájú ilé, ó bi Múyìwá tó wà níta bóyá ilé náà ṣófo, nítorí ọmọ òun ń wá ilé. Múyìwá ní àwọn ń gbé ibẹ̀. Òyìnbó náà wo koríko, ó wo Múyìwá, ó ní kó má bínú. Múyìwá wọlé, kò sì tún yọjú síta lọ́jọ́ náà.

Kì í ṣe pé kì í bomi rin ín. Bó bá ti ti ẹnu iṣẹ́ akáńtì rẹ̀ dé nírọ̀lẹ́, á fa rọ́bà omi, á wọ́n ọn síhìn-ín sọ́hùn-ún, á sì wọlé lọ jẹun. Bó ti ń wọ́n ọn ni koríko náà ń kú lọ.

Lódìkejì títì, koríko Ọládòṣù, ọkọ Adéòkè, tutù yọ̀yọ̀. Múyìwá kò tíì bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ rí. Adéòkè ní iṣẹ́ òru ló ń ṣe ní ìlú kejì, pé bó bá ti dé, oorun ni. Bí wọ́n bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sunday, Adéòkè nìkan ló máa ń bá wọn wọ mọ́tò. Àárọ̀ kùtù ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń rí ọkọ rẹ̀ láti ojú fèrèsé, tòun ti fìlà tó bo etí àti kóòtù ńlá tó gùn kọjá orúnkún, rọ́bà omi lọ́wọ́. Bí Múyìwá bá juwọ́ sí i, á gbé ọwọ́ díẹ̀, kò ní yíjú.

“Ẹ wo ọkùnrin,” ni Bímbọ́lá máa ń wí. “Ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú nìyẹn o.”

Múyìwá á kúrò lójú fèrèsé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Adéòkè sọdá wá bá a níbi tó ti ń wọ́n omi.

“Ọládòṣù ní kí n sọ fún ọ pé ìrọ̀lẹ́ kọ́ o,” ló wí. “Òtútù ti ń dé. Bí omi bá sun orí ewé mọ́jú, àrùn ló ń dá sí i lára. Àárọ̀ ni kí o máa ṣe é. Má sì ṣe é lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó, ṣùgbọ́n jẹ́ kó pẹ́, kí omi lè mu dé gbòǹgbò. Kọ́kọ́ gbá ewé tó wọ́ sílẹ̀ kúrò.”

“Ó ń rí mi nìyẹn?”

“Ó ń rí ọ.”

Ojú ti Múyìwá. Ó ká rọ́bà nílẹ̀, ó dúpẹ́.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ń jí ní Sátidé kí oòrùn tó là, ó ń gbá ewé, ó sì ń jẹ́ kí omi rọra ṣàn. Etí koríko bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Àárín ṣì pá.

Ní Sunday kan nínú oṣù kẹwàá, Adéníjì, ọ̀rẹ́ wọn, àti ìyàwó rẹ̀ bá wọn ti ṣọ́ọ̀ṣì wálé wá jẹun. Adéòkè náà wà níbẹ̀. Adéníjì yọjú lójú fèrèsé, ó ní, “Múyìwá, ṣé o fẹ́ fi ibí yìí gbin ẹ̀gẹ́ ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Ẹ bá mi wí fún un,” ni Bímbọ́lá wí. “Ẹ wo ti òdìkejì. Ká ní mo mọ̀ ni, irú ọkọ tí àǹtí Adéòkè fẹ́ ni ǹ bá fẹ́.”

Ẹ̀rín tún sọ. Múyìwá tẹjú mọ́ àwo rẹ̀. Adéòkè kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé síbí rẹ̀ sílẹ̀, ó ní orí ń fọ́ òun, ó dìde, ó lọ sílé.

Bímbọ́lá di oúnjẹ, ó ní kí Múyìwá gbé e sọdá, kí bọ̀dá Ọládòṣù lè rí jẹ tó bá jí. Adéòkè ṣílẹ̀kùn díẹ̀, ó gba abọ́ náà. Ojú rẹ̀ pọ́n.

“Má dá wọn lóhùn,” ló sọ fún un. “O ń gbìyànjú.”

Ó dun Múyìwá ju ọ̀rọ̀ Bímbọ́lá lọ. Àánú rẹ̀ ti ń ṣe ìyàwó oníyàwó báyìí.

Ó rò ó títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Ẹni tó ti tẹ́ lójú ìyàwó rẹ̀, níwájú àlejò, kí ló tún ń fi pamọ́? Nígbà tó di Sátidé tó tẹ̀ lé e, tó rí fìlà àti kóòtù náà lódìkejì, kò fa rọ́bà tirẹ̀. Ó sọdá. Ọkùnrin náà kọ ẹ̀yìn sí i. Múyìwá dọ̀bálẹ̀ lórí koríko tútù, omi sì wọ ṣòkòtò rẹ̀ lórúnkún.

“Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n,” ló wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wo ilẹ̀ mi. Mò ń ṣe gbogbo ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Ẹ̀yin ni wọ́n fi ń bú mi nínú ilé. Ojú ń tì mí.”

Rọ́bà omi náà bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó wọ kóòtù ńlá náà yíjú sí i.

“Dìde, Múyìwá, má jẹ́ kí Bímbọ́lá gbọ́,” ni ohùn Adéòkè wí lábẹ́ fìlà, “láti oṣù kẹfà ni Ọládòṣù ti kó lọ bá obìnrin mìíràn ní Houston.”