Wọ́n Ní Birmingham Ló Wà

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí dé ìparí kí ẹ tó fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ gbogbo àwa tá a máa ń fi ìrìnàjò pamọ́ ni.

1.
Peckham ní London ni Hamid àti Àmírà ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù wọ́n láti gun kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá odò Danube ní ilẹ̀ Austria, kí wọ́n máa wo àwọn ààfin àtijọ́ lọ. Nígbà tí ìsinmi dé, Àmírà ní kí àwọn lọ dágbére fún Àlájà Nàfísátù, ìyá Hamid.

"Dágbére kẹ̀?" Hamid ní. "Ayé le o! Mummy á sọ fún Rahmah, Rahmah á sọ fún gbogbo mosque. Tá a bá dé, a máa post pictures."

"Ṣé ìyá ẹ náà ti di ayé ni?"

Hamid mú fóònù. Ó pe ìyá rẹ̀, ó ní wọ́n rán òun lọ sí training ní Birmingham. Ìyá ṣàdúrà fún un gidigidi. Àdúrà ọ̀nà Birmingham!

2.
Odò náà dùn ún wò. Wọ́n gun kẹ̀kẹ́ kọjá oko àjàrà, wọ́n sì fẹsẹ̀ gun òkè lọ wo ahoro ààfin kan tí wọ́n ti ọba Gẹ̀ẹ́sì kan mọ́ láyé ọjọ́un. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí fóònù fi dún. Rahmah, àbúrò Hamid, ni.

"Brother Hamid, Mummy ti collapse! A wà ní A&E ní hospital. Doctor ní heart wọn ò strong mọ́. Ẹ tètè máa bọ̀ from Birmingham, please!"

 Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tó yẹ kí Hamid ti sọ òótọ́ nìyí. Ìtìjú ò jẹ́.

"Mò ń bọ̀. Mo ti wà ní station."

Station wo?

3.
Wọ́n sáré sọ̀kalẹ̀, wọ́n gun kẹ̀kẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Rahmah tún pè: "Ẹ ti dé ibo?" Hamid ní train ti delay. Ó tún pè, Hamid ní wọ́n ti cancel rẹ̀. Àmírà ń sunkún lórí kẹ̀kẹ́.

"Sọ fún wọn, Hamid! Mo fi Ọlọ́hun bẹ̀ ẹ́!"

"Kí n ní kí ni? Pé mo parọ́ fún ìyá mi?"

Kí wọ́n tó rí baálù wọ̀, Àlájà ti jáde láyé. Ìgbà yẹn ni Hamid tó jẹ́wọ́ fún Rahmah pé Austria ni àwọn wà. Ẹ sì mọ̀ pé a kì í fi òkú Mùsùlùmí falẹ̀. Nígbà tó fi máa dé Peckham, wọ́n ti kírun sí Àlájà lára, wọ́n ti sin wọ́n.

4.
Rahmah ò pariwo mọ́ ọn. Ìbá tiẹ̀ sàn kó pariwo.

"Mo fẹ́ gbé phone sí wọn létí kí wọ́n bá yín sọ̀rọ̀. Mummy tì í kúrò. Wọ́n ní, 'Ṣebí Birmingham ni? Ẹ jẹ́ kó dé. Ojú lọ̀rọ̀ wà.' Wọ́n kàn ń wo door."

"Kí ni wọ́n fẹ́ sọ?"

"Brother, èmi kọ́ ni wọ́n fẹ́ sọ ọ́ fún."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sá fún ojú ayé, ẹ máa sá o, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ má ka ìyá yín mọ́ ayé. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan nílé mọ ibi tẹ́ ẹ wà ní tòótọ́. Bí ẹ bá sì ti parọ́, ẹ pè wọ́n báyìí, ẹ tún un sọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a.