Ajá Láolú Kì í Gbó

"Láolú, bá mi di orí ẹ̀ mú!" ni ayàwòrán kan pariwo. Ajá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tún ti fẹ́ lá ọ̀dà lára búrọ́ọ̀ṣì.

Wọ́n jókòó sábẹ́ àtẹ̀gùn ilé tí Láolú háyà ní Dópẹ̀mú. Lándílọ́ọ̀dù ti ní kí ajá náà kúrò nílé kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí kò gbó rí. Nígbà tí olè wá gbé jẹnẹrétọ̀ bàbá náà, ńṣe ni ajá ń ju ìrù, tó sì sin olè dé géètì. Ní báyìí, Láolú fẹ́ mú un lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ n'Ífàkọ̀. Àwòrán ajá tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń yà yìí ni yóò máa fi rántí rẹ̀.

"Jọ̀ọ́, ya eyín sí i, kó jọ ajá gidi," Láolú bẹ̀bẹ̀, ó ń nu ojú.

Ayàwòrán ya eyín ṣóńṣó-ṣóńṣó sí i. Nígbà tó parí, ó yí àwòrán náà sí ajá.

"Ìwọ rèé o."

Irun ọrùn ajá dìde. Ó fò sẹ́yìn, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbó kíkankíkan. Lándílọ́ọ̀dù tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ sáré padà sókè, bàtà rẹ̀ kan já bọ́ sórí àtẹ̀gùn.

"Bàbá, ẹ gbọ́ ọ? Ó ń gbó!" ni Láolú ké.

"Mo gbọ́," ni bàbá dáhùn látẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Kó má lọ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi nǹkan bo àwòrán yẹn ná, kí n wá mú bàtà mi."