Ẹsẹ̀ Ògiri Ẹ̀yìn

Ilé amọ̀ Àlfá Mùhàmmádù ti wà ní Kalley, àdúgbò kan nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, kí wọ́n tó da ọ̀dà sí títì kankan níbẹ̀. Nígbà tí òjò jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn ará àdúgbò ní àwọn kò ní í wòran kó wó. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi ẹsẹ̀ gún amọ̀ mọ́ èèpo ìrẹsì, àwọn obìnrin ń pọn omi. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba láti Plateau, àdúgbò tí ọ́fíìsì ìjọba wà, ṣèlérí pé bí iṣẹ́ bá parí, ìlú yóò máa tọ́jú ilé náà, wọn yóò sì fi ọmọ onílé kan ṣe alábòójútó tí yóò máa gbé inú rẹ̀.

Àsíyàt ló fẹ́ ipò náà. Ta ni ìbá tún gbà á? Kàbír ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti padà sí Ìlọrin, Tàíbátù wà nílé ọkọ ní Kútọnu. Òun àbíkẹ́yìn nìkan ló dúró ti bàbá wọn títí ó fi kú. Kàbír ti gbọ́njú dáadáa kí Àsíyàt tó dé, ìyá wọn ti sọ̀rètí nù, ni bàbá wọn ṣe máa ń pè é ní Ẹ̀bùn Ọlọ́run. Ọkọ rẹ̀ ti kọ̀ ọ́. Kò ní ibòmíràn tí yóò forí pamọ́ sí.

Màmá Zubaidat ló dínà mọ́ ọn. Arúgbó yìí gbé yàrá ẹ̀yìn nígbà kan rí kó tó kó lọ sí àdúgbò Poudrière, òun náà ló ń gbẹ̀bí, tó sì ń wẹ ọmọ tuntun fún àwọn Yorùbá àdúgbò láyé ọjọ́un. Bí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ó gbé ẹní wá, ó tẹ́ ẹ sẹ́sẹ̀ ògiri ẹ̀yìn, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbẹ́ ibẹ̀.

Ohun tó wà níbẹ̀ kò pamọ́. Nígbàkigbà tí wọ́n bá bímọ fún Àlfá Mùhàmmádù, inú ìkòkò ló ń kó ibi ọmọ sí, á sì rì í sẹ́sẹ̀ ògiri yẹn. Lọ́jọ́ ìkómọ, á fi ọ̀bẹ họ orúkọ ọmọ sórí ìdérí rẹ̀ ní Lárúbáwá. Ọmọ tirẹ̀ nìkan ló ń ṣe é fún.

"Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú," ni Àsíyàt wí.

Ó mọ ìdí rẹ̀. Ìdrìsù ọmọ Màmá Zubaidat ni bíríkìlà tó ń darí iṣẹ́ náà, ó sì pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń sọ pé imú rẹ̀ jọ ti Àlfá. Ó dá Àsíyàt lójú pé arúgbó náà fẹ́ gba ilé fún ọmọ rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ìkòkò já irọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn há Àsíyàt lọ́fun bí egungun ẹja. Ó ṣíwọ́ kíkí arúgbó náà. Ó da omi ìfọṣọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹní rẹ̀.

"Mo lè fi òkúta ti ògiri náà láti òde," ni Ìdrìsù wí. "Kò dìgbà tí a bá gbẹ́ ẹ."

"Ta ló bi ọ́? Ilé bàbá rẹ ni?"

Ìdrìsù gbé ṣọ́bìrì rẹ̀, ó kúrò níwájú rẹ̀.

Àsíyàt pe Kàbír lórí fóònù. 

"Fi Màmá Zubaidat sílẹ̀," ni Kàbír wí. "Má gbẹ́ ibẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà mọ̀ sí i?"

Kàbír ní òun kò ní ohun mìíràn láti sọ. Àsíyàt ní ọ̀rọ̀ ti yé òun. Wọ́n ti fi ilé bàbá òun ta ọmọ àlè lọ́rẹ!

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó kó gbogbo àdúgbò jọ sẹ́yìn ilé. Àlfá Ìsà, olórí àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ní Kalley, jókòó sórí àga. Òṣìṣẹ́ kan láti Plateau dúró tì í.

"Ìkòkò ni ẹlẹ́rìí," ni Àsíyàt wí. "Ẹni tí tirẹ̀ bá wà níbẹ̀, ọmọ ilé ni. Ẹni tí kò bá ní, kó máa lọ, kó má tẹ ẹnu ọ̀nà yìí mọ́ láéláé."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lo fẹ́?" ni Àlfá Ìsà bi í.

"Wàláì, bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́."

Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ náà. Ó mi orí. "D'accord," ló wí, ó gbà.

Màmá Zubaidat di ẹsẹ̀ Àsíyàt mú. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbé ọ wọ ilé yìí."

"Ọmọ ta ni ẹ kò gbé ní Kalley? Ṣé gbogbo ilé wọn lẹ máa jogún ni?"

Ó já ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà. Ó ní kí wọ́n gbé arúgbó náà kúrò tòun tẹní. Ìdrìsù kọ̀, kò gbẹ́, ni Àsíyàt bá fi díígà lé àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́.

Ìkòkò kìíní jáde. Àlfá Ìsà nu ìdérí rẹ̀, ó kà á: Kàbír. Èkejì jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: Tàíbátù. Àwọn obìnrin dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wọ́n gbẹ́ lọ, wọ́n gbẹ́ bọ̀, láti igun dé igun, títí díígà fi ń dún lórí ilẹ̀ líle tí ọkọ́ kò kàn rí.

Àsíyàt bú sẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́. "Ìkòkò Ìdrìsù dà? Kò sí! Ìyá, dìde, kó ẹní rẹ, kí ìwọ àti ọmọ rẹ máa lọ!"

Ẹnikẹ́ni kò bá a rẹ́rìn-ín. Ìdrìsù fa ìyá rẹ̀ dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara ẹní rẹ̀, ó ká a.

Àlfá Ìsà wo kòtò náà láti igun dé igun, ó wo Màmá Zubaidat tó ti fi ìborùn bojú, ó wá fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ béèrè pé, "Àsíyàt, tìrẹ dà?"