Ta Ni Bàbá Dọ́gì?

Láràárọ̀, kí ẹ̀rọ omi àdúgbò tó da omi fún èèyàn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ki oríkì ibi tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìjọba pín fún ilé onítọ̀hún ti ṣẹ̀ wá. Ṣúgà ló kan Ìyá Wúràọlá.

"Ṣúgà, ọmọ Faransé, ọmọ-ọmọ Lárúbáwá, àrọ́mọdọ́mọ Íńdíà…"

Orí Ìyá Wúràọlá wú débi pé gèlè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àwọsánmà. Ìlara sì fẹ́rẹ̀ẹ́ se Látúnjí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jinná, nítorí Dọ́gì ló kan òun.

"Dọ́gì," ni ẹ̀rọ wí. "A ò mọ bàbá ẹ̀."

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Wúràọlá ní, "Pẹ̀lẹ́, jàre. Ọlọ́run ni bàbá aláìníbaba."

Ni Látúnjí bá tẹ bọ́tìnnì àtúnṣe, ó fẹnu kan ẹ̀rọ, ó pariwo: "Ó ní bàbá! Oyèéníran ni!" Orúkọ bàbá tó bí òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu.

Ẹ̀rọ dúpẹ́, ó yẹ àkọsílẹ̀ ìdílé Látúnjí wò. Ó wá fi ohùn tí ìlú mẹ́fà gbọ́ kì í: "Dọ́gì, ọmọ Oyèéníran, ẹ̀gbọ́n Látúnjí!"

Omi ya sínú korobá. Ìyá Wúràọlá rọra kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, àbúrò Dọ́gì. Ẹ bá wa kí ẹ̀gbọ́n yín."