Wọ́n Tẹ́ Ère Akínwándé Sílẹ̀

Nígbà tí Fadérera ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, ó na ọwọ́ sí àwọn ère òkúta mábù tó dúró fún ará ilé wọn lẹ́nu ọ̀nà, kí ó lè yí tirẹ̀ kọjú sínú ilé. Ẹni tó bá jáde a kọjú tirẹ̀ síta. Òkú nìkan ni wọ́n ń tẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, òkúta náà fúnra rẹ̀ a sì ròyìn fún ìjọba.

Ti Akínwándé ọkọ rẹ̀ ló rí tó nà gbalaja.

Ó sáré wọlé bá ìyá ọkọ rẹ̀, arúgbó tí iyè rẹ̀ ti ń rà.

"Ìyá, ọmọ yín ńkọ́?"

"Ó ń sùn ní yàrá. Ó rẹ̀ ẹ́ wálé ni, ìyàwó mi, ni mo bá tẹ́ ère rẹ̀ kí ó lè sinmi dáadáa."

Fadérera fi etí lé àyà ọkọ rẹ̀. Ó ń mí. Kò tíì dúpẹ́ tán tí ọkùnrin méjì fi gbé pósí dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ kú àmúmọ́ra o. A wá gbé òkú Akínwándé."

"Èmi rèé!" ni Akínwándé figbe ta láti yàrá.

Àgbà inú wọn wò ó, ó wo ère. "Ọ̀gá, ère la máa ń gbọ́ tiẹ̀."

Akínwándé kúnlẹ̀, ó gbé òkúta náà dìde, ṣùgbọ́n ó tún ṣubú. Fadérera bá a dì í mú, ó wá dúró. Àwọn ọkùnrin náà gbé pósí wọn lọ.

"Ta ló kú?" ni ìyá ń béèrè lẹ́yìn wọn.

Fadérera ṣì di òkúta náà mú, kò lè jù ú sílẹ̀.