Ketekete ní Aspendos

Ládépọ̀ ti dé gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ní Downsview, ní Toronto, kí àwọn yòókù tó dé. Ó to àwọn àga fúnra rẹ̀, ó sún ìlà àkọ́kọ́ mọ́ ìtàgé pẹ́kípẹ́kí, ó sì tan gbogbo iná. Lọ́jọ́ náà ni ẹgbẹ́ yóò yan ẹni tí yóò ṣíwájú wọn lọ wo tíátà àtijọ́ tí àwọn ará Róòmù kọ́ sí Aspendos, ní ilẹ̀ Tọ́kì, nígbà ooru. Nílé, kí ìjọba ológun tó lé e jáde, olùkọ́ ìtàn ní yunifásítì ni. Ní Toronto, ilé ìkẹ́rùsí ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè ohunkóhun nípa Róòmù mọ́. Ó fẹ́ ipò yìí ju bí ó ti lè jẹ́wọ́ lọ.

Ọláṣùmbọ̀, ìyàwó rẹ̀, ìyá Adélọ́lá ọmọ wọn, ló máa ń jókòó sí iwájú nígbàkígbà tí ọkọ rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀ ní gbangba. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè nǹkan, á kọjú sí ọkọ rẹ̀, á tún ìbéèrè náà sọ. Ládépọ̀ a máa sọ fún àwọn ènìyàn pé ayékòótọ́ ni òun gbé níyàwó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, Ọláṣùmbọ̀ ṣì wà ní Burlington, níbi tí ó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ẹni tí yóò gba ṣíìfù lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì dé. Ó pe ọkọ rẹ̀ títí. Ládépọ̀ kì í gbé ìpè ẹnikẹ́ni. Èrò tirẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ gidi, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Níkẹyìn, obìnrin náà kọ ọ́ ránṣẹ́: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mọ sórí fọ́tò. Ẹ má fi fídíò yẹn hàn wọ́n.”

Ó kà á, ó yínmú, ó ti fóònù bọ àpò.

Àǹtí Shukurat, alága ẹgbẹ́, wọlé pẹ̀lú yìnyín léjìká, ìborùn òtútù sì bò ó lẹ́nu. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí i.

“Ẹni tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, kó kọ́kọ́ tú ẹnu ẹ̀ sílẹ̀,” ni Ládépọ̀ wí. “Kánádà ti sọ gbogbo yín di ẹni tó ń kùn bí oyin.”

Shukurat tú ìborùn. “Mo ní ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹnu yín ti mú jù lónìí.”

Nígbà tí gbọ̀ngàn kún, ó fi ẹ̀rọ tan fọ́tò sára ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó ní tíátà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹgbẹ̀rún ọdún méjì, ògiri ẹ̀yìn ìtàgé rẹ̀ sì dúró digbí títí dé òkè. Ó ní àwọn ọba tí ó jẹ lẹ́yìn àwọn ará Róòmù kò wó o. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n fi í ṣe ààfin.

“Ẹ̀yin ńkọ́?” ó bi wọ́n. “Ilé tí bàbá yín kọ́, ẹ wó o, ẹ fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù.”

Rilwan dìde láti ọwọ́ ẹ̀yìn. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe, òun sì ni ẹnì kejì tí ó ń du ipò náà. “Ẹ forí jìn mí, sà. Ọkọ̀ wo ni wọ́n ń lò níbẹ̀?”

“Ọkọ́?” Ládépọ̀ wò ó láti òkè délẹ̀. “Ṣé ebè iṣu ni wọ́n kọ síbẹ̀ ni? Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni wọ́n fi gbẹ́ òkúta, ọ̀gbẹ́ni.”

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

“Mọ́tò ni mo ń sọ, sà,” ni Rilwan wí, ṣùgbọ́n Ládépọ̀ ti kọjú sí àwòrán ara ògiri, kò sì dá a lóhùn.

“Jókòó, jàre,” ni Shukurat wí, ó ń nu omi ẹ̀rín lójú. “Wọ́n ti dá ẹ lóhùn.”

Ládépọ̀ wá sọ ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ. Ọba kan ṣèlérí pé ẹni tí ó bá kọ́ ohun tí ó dára jù fún ìlú ni yóò fẹ́ ọmọ òun. Ọba ń rìn lókè téńté tíátà náà nígbà tí ọ̀mọ̀lé tí ó kọ́ ọ, tí ó dá dúró sórí ìtàgé nísàlẹ̀, sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé: ‘Tèmi ni ọmọ ọba.’ Ọba gbọ́ ọ. Ó sì fún un lọ́mọ.

“Àwọn òpè ní àlọ́ ni,” ó wí. “Èmi dán an wò nígbà tí a lọ síbẹ̀. Ìyàwó mi dúró sórí ìtàgé, èmi gòkè lọ sí ìjókòó tó kẹ́yìn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Gbólóhùn ọ̀mọ̀lé yẹn gan-an ló sọ, wúyẹ́wúyẹ́. Ẹ ó gbọ́ ọ fúnra yín.”

“Bó bá rí bẹ́ẹ̀,” ni Shukurat wí fún àwọn tí ó wà nítòsí rẹ̀, “kí la tún ń dìbò fún?” Rilwan wo ilẹ̀.

Ládépọ̀ tẹ fídíò náà, ó yí ohùn rẹ̀ sókè dé òpin, ó sì kẹ̀yìn sí i kí ó lè máa wo ojú àwọn ènìyàn. Lára ògiri, Ọláṣùmbọ̀ kéré lórí ìtàgé bí ẹ̀wà kan nínú àwo. Kò sí ẹni tí ó lè rí ẹnu rẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọra kún gbọ̀ngàn.

“Bàbá Adélọ́lá, bí ẹ bá ń gbọ́ mi, ẹ pe orúkọ ìyá mi. Ó ti lé lọ́dún méjì tí etí yín ti di pátápátá, èmi nìkan ni mo mọ̀, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa ṣe etí fún yín.”

Nínú fídíò náà, ohùn Ládépọ̀ ké láti òkè pé, “Ketekete ni mò ń gbọ́ ẹ, Ṣùmbọ̀, sọ òmíràn.” Ní Downsview, níwájú àwọn ènìyàn tí wọ́n la ẹnu sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì bi wọ́n bóyá àwọn náà gbọ́ ọ.